Ẹnu wa ń bú AI, ọwọ́ wa ń wárí fún un

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, ní Ìkòròdú níbí, ẹ mọ̀ pé ìwé ètò ìsìnkú ni mo ń tẹ̀ jù. Lọ́jọ́ Ajé, bàbá kan gbé ti ẹ̀gbọ́n wọn wá. Kí wọ́n tó jókòó ni wọ́n ti ń bú AI, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù: irọ́ ló ń pa, kò gbọ́ èdè wa, ó ti sọ àwọn ọmọ ìsinsìnyí di ọ̀lẹ. Mo ní òótọ́ ni wọ́n sọ.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, wọ́n padà dé tàwọn ti fóònù lọ́wọ́. Mo ti kọ "Ọkọ rere, bàbá rere" sábẹ́ àwòrán olóògbé. Wọ́n ní AI ti yẹ̀ ẹ́ wò, pé àmì ohùn kò pé, "ọkọ̀ rere" ló tọ́. Mo ní, "Bàbá, ọkọ̀ lèyí tí à ń wọ̀ ní Èbúté lọ sí Èkó. Ẹ̀gbọ́n yín kì í ṣe ọkọ̀." Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo fóònù. "Ẹ ṣáà kọ ọ́ bó ṣe wí."

Ọdún 19 ni mo ti ń tẹ Yorùbá! Mo kọ̀. Mo dá àsansílẹ̀ wọn padà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ wọn lọ.

Inú ohun tí a kọ ni ẹ̀rọ yẹn ti kọ́ èdè, èyí tó sì pọ̀ jù nínú Yorùbá orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò ní àmì. Ibo ni yóò ti mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀ àti ọkọ́? Bàbá yẹn mọ̀ ọ́n látinú oyún.

Ẹ má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ àìmọ̀wé ni. Ní 1966, Joseph Weizenbaum, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì MIT, l'Amẹ́ríkà, gbé ELIZA jáde, ètò kọ̀ǹpútà tó kàn ń yí ọ̀rọ̀ ẹni padà di ìbéèrè. Akọ̀wé rẹ̀ ti ń wò ó fún oṣù bíi mélòó kan bó ṣe ń ṣe é. Síbẹ̀, akọ̀wé náà kò tíì bá ELIZA sọ̀rọ̀ jìnnà tó fi ní kí ọ̀gá òun jáde fún àwọn. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni o. Láti 1998 làwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ti ní ìdánwò kan, Implicit Association Test, tí kì í béèrè èrò ọkàn lẹ́nu ẹni. Bí ìka ṣe yára tó lórí bọ́tìnnì ni wọ́n ń wò, láti mọ èrò inú tí ẹnu kì í sọ. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Ṣùgbọ́n lánàá, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní, "Ọ̀gá, àmì orí 'olóògbé' yìí kò pé." Mo ní, "Dákẹ́ ná." Kí n tó mọ̀, mo ti fa fóònù yọ, mo ń tẹ̀ ẹ́ sí AI pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

Ọmọ náà rí i. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, kò sọ nǹkan kan. N kò tíì mọ ohun tí mo máa sọ fún un.