Èsì wa sí oníbàárà tó fi bíìtì wa lu bẹ́ǹṣì ìrókò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o, ẹ sì kú iṣẹ́ bẹ́ǹṣì tuntun. A rí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa, mo sì ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní ẹ ra bíìtì Forstner 19 mm, irin ẹnu dírìlì tó ń lu ihò, ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Sábó, Ìkòròdú, láti fi lu ihò èèkàn, ihò tí ẹ máa ki èèkàn bọ̀ kó lè di igi iṣẹ́ mú, sórí bẹ́ǹṣì ìrókò tó nípọn ní ínṣì mẹ́rin. Ẹ ní ihò kẹta lẹ wà tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú, pé ihò méjì tẹ̀, abẹ́ pátákó sì fà ya, àti pé irin tí ẹ ń kì bọ ihò láti fi tẹ igi mọ́ bẹ́ǹṣì ń yọ̀. Ẹ tún ní ọmọ tó tà á fún yín sọ pé "gbogbo igi ló ń jẹ."

Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ̀bi wa sì ni. Bíìtì yẹn kì í ṣe ayédèrú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ ká tà fún yín. Ó yẹ kí ọmọ wa bi yín bí igi ṣe nípọn tó kó tó na ọwọ́ sí àpótí, kò sì bi yín. Mo ti bá a sọ ọ́. Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, ẹni tó bá béèrè bíìtì igi lọ́wọ́ wa, a máa kọ́kọ́ béèrè irú igi tó fẹ́ lu àti bó ṣe nípọn tó.

Ihò tí kò jìn ni bíìtì Forstner wà fún, irú èyí tí wọ́n ń lu fún ìdè ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ń gé igi mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀nà tí èérún igi máa gbà jáde. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo mú ọ̀kan nínú àpótí yẹn kan náà, mo fi lu àjẹkù ìrókò tó nípọn bíi tiyín. Ínṣì àkọ́kọ́ dán bí abọ́. Bó ṣe wọ ínṣì kejì, èérún ti kún inú ihò dí, dírìlì ń ké, òórùn igi jíjó sì gba ṣọ́ọ̀bù kan. Nígbà tí mo fà á yọ, etí rẹ̀ ti di àwọ̀ aró. Irin irú bíìtì yìí, tí iná bá ti sọ ọ́ di aró, líle rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bí ẹ bá pọ́n ọn, kò ní pẹ́ tí ẹnu rẹ̀ á tún kú.

Ìrókò náà sì ní tiẹ̀. Òkúta máa ń wà nínú rẹ̀, èyí funfun líle tó ń sápamọ́ sínú igi, tí ẹ kò ní rí i lójú pátákó. Bíìtì tuntun lè pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹnu rẹ̀ kú. Bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn dírìlì yí padà lójijì, ẹ dúró, ẹ yọ ọ́, ẹ wo inú ihò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo imú yín pẹ̀lú, torí lẹ́búlẹ́bú ìrókò máa ń ta imú àti ojú.

Ẹ ní ihò mọ́kànlá ló kù. Èyí tó yẹ yín ni bíìtì auger gígùn, tó ní síkúrù kékeré lẹ́nu, tí ara rẹ̀ lọ́ bí okùn. Síkúrù yẹn ló ń fa bíìtì wọ inú igi, ara lílọ́ náà sì ń kó èérún jáde. Bàbá mi, káfíńtà ni wọ́n, irú rẹ̀ ni wọ́n ń fi dírìlì ọlọ́wọ́ yí títí ó fi máa yọ lábẹ́. Tó bá jẹ́ dírìlì oníná lẹ fẹ́ lò, ẹ fi sí jíà kìíní, ẹ má fi agbára tì í wọlé. Ọwọ́ méjì ni kí ẹ fi dì í mú o, torí bí síkúrù bá há sínú igi, dírìlì á yí ọrùn ọwọ́ yín.

Ti abẹ́ pátákó tó ya, bíìtì yòówù kó jẹ́ lè ṣe é. Bí ẹ bá ti rí orí síkúrù tó yọ lábẹ́, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ bọ́ sí abẹ́, kí ẹ lu ìyókù láti ibẹ̀ wá. Tí ẹ kò bá lè yí bẹ́ǹṣì náà padà, ẹ fi kilámpù so àjẹkù pátákó mọ́ abẹ́ rẹ̀ pinpin kí ẹ tó lu.

Ti títẹ̀ ló dùn mí jù, torí èèkàn tó bá tẹ̀ kò ní di igi mú bó ṣe yẹ. Bí bíìtì bá fi dígírì kan péré yẹ̀, kó tó la ínṣì mẹ́rin já, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mìlímítà méjì kúrò níbi tó yẹ. Ojú lásán kò lè rí i. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé ká wá igi líle bí ínṣì mẹ́ta, ká gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní dírìlì onídùúró kó lu ihò kan tó dúró ṣánṣán sí i. Igi yìí lẹ máa fi kilámpù dè mọ́ ojú àmì yín, kí bíìtì gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ bẹ́ǹṣì o, kí ihò má lọ bọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Irin tí ẹ ní ó ń yọ̀, tí kò tẹ igi mọ́ bẹ́ǹṣì, nínípọn bẹ́ǹṣì yín ló fà á. Irin yẹn ní láti fi ara gbún nínú ihò kó tó há. Ẹ fi igi roboto dí ihò rẹ̀, kí ẹ wá fi bíìtì tó fẹ̀ jù ú lọ lu láti abẹ́, kó ku bí ínṣì méjì àbọ̀ lókè. Ẹ wá yọ igi tí ẹ fi dí i.

Ẹ mú bíìtì tó jó náà wá bó ṣe wà, ẹ má wá rísíìtì kiri. Auger 19 mm ti wà nílẹ̀ fún yín, ẹ kò ní san owó kún un. Mo ti gbé ègé igi líle kan, èyí tí wọ́n ń pè ní apá, lọ sí Odògùnyàn, wọ́n ti lu ihò tó dúró ṣánṣán sí i fún yín, ó wà lórí káńtà. Ẹ kàn wá mú un.