Ta ló ní fírì ń ṣọ́ epo lò?

Ẹ wọ Micra ní Ìbàdàn, kí ẹ jókòó síwájú, kí ẹ sì máa wo ọwọ́ dẹ́rẹ́bà. Bí ọkọ̀ bá ti gun òkè tán tó fẹ́ máa sọ̀kalẹ̀, yóò tẹ kílọ́ọ̀ṣì, yóò fa jíà kúrò, ọkọ̀ yóò sì máa yọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Fírì nìyẹn. Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé, yóò ní, "Epo ti wọ́n jù, ọ̀gá mi." Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń pa ẹ́ńjìnì pátápátá.

Èmi náà ṣe é fún ọdún púpọ̀. Peugeot 504 ni ẹ̀gbọ́n mi fi kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀, ohun tó kàn tí wọ́n kọ́ mi ni pé orí òkè ni ẹ́ńjìnì ti ń ṣiṣẹ́, inú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni kó ti sinmi. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì jọ òótọ́. Ẹ́ńjìnì tó ń ké ń jẹ epo, èyí tó ń mí jẹ́jẹ́ lórí sílò ń jẹ díẹ̀. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Kí n má purọ́ mọ́ wọn: nígbà tiwọn, òótọ́ ni. 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, àti Volkswagen Beetle, ọkọ̀ ìjàpá, tí wọ́n ń tò ní Èkó láti ọdún kan náà, kábúrétọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń lò. Kábúrétọ̀ kò ní ọpọlọ. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì bá fà ló ń fa epo tẹ̀ lé e. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí jíà, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì á máa yí kíákíá, á sì máa fa epo, bí ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà tilẹ̀ ti kúrò lórí tọ̀rọ́tù. Tó bá wà ní fírì, ìyípo rẹ̀ á rọlẹ̀, epo tó ń fà náà á dín kù. Àwọn àgbà dẹ́rẹ́bà kì í ṣe òpè.

Ọkọ̀ ló yí padà, ẹ̀kọ́ kò yí. Micra tó gba gbogbo Ìbàdàn kan yẹn kò ní kábúrétọ̀. Injector ló ń tú epo sí ẹ́ńjìnì rẹ̀, ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní brain box ló sì ń pàṣẹ fún injector. Brain box mọ̀ pé ẹsẹ̀ yín kò sí lórí tọ̀rọ́tù. Ó tún mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ń yí ju bó ṣe yẹ kó máa yí lórí sílò lọ. Ó ti yé e pé táyà ló ń yí i. Kí ló wá fẹ́ fi epo ṣe? Ó ti injector pa. Kì í ṣe pé ó dín epo kù o, kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan wọlé. Ìgbà tí ìyípo ẹ́ńjìnì bá rọlẹ̀ sí nǹkan bí 1,500 tàbí 1,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ṣe rí, ló tó tún ṣí i, kí ẹ́ńjìnì má baà kú.

Ẹ wá fa jíà kúrò wàyí. Táyà kò yí ẹ́ńjìnì mọ́. Bí kò bá fẹ́ kú, àfi kó jẹ epo.

Ọkọ̀ tí mò ń wà báyìí ní ojú kékeré kan tó ń fi iye epo tó ń jẹ hàn lójú ẹsẹ̀. Mo gbé ẹ̀gbọ́n mi síwájú, a gba ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè, níbi tí títì ti ń lọ́ mọ́ ara òkè. Jíà kẹta, ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ̀rọ́tù: 0.0. Mo fà á sí fírì, nọ́ńbà dìde. Mo dá a padà sí jíà kẹta: 0.0. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé wáyà ojú yẹn ti já.

Ibì kan wà tí mo gbà fún wọn. Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà kò bá ga, tí ọkọ̀ fẹ́ dúró lórí jíà tí a sì ní láti tún tẹ tọ̀rọ́tù, fírì lè gbé ọkọ̀ jìnnà díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí a ń jà lé lórí. Ẹ́ńjìnì kékeré lórí sílò lè jẹ nǹkan bíi lítà 0.8 ní wákàtí kan. Fún ìṣẹ́jú 2 tí a fi ń sọ̀kalẹ̀, mílílítà 27 nìyẹn: ìdérí ìgò omi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ì báà jẹ́ èmi ni mo jàre, ì báà jẹ́ dẹ́rẹ́bà Micra, kò sí ẹni tó máa fi kọ́lé.

Búréèkì ló ń bà mí lẹ́rù. Micra tí èrò kún inú rẹ̀ lè wọn kílò 1,200. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀ láti ibi tó fi mítà 100 ga ju ìsàlẹ̀ lọ, tí búréèkì nìkan sì ń dá a dúró, ooru tó máa jáde tó láti se nǹkan bíi lítà omi 4 títí yóò fi hó. Lórí jíà, ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ á gbé púpọ̀ nínú ẹrù náà. Ní fírì, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí afẹ́fẹ́ bá gbà, orí páàdì àti dísìkì ló ń lọ. Láti ibẹ̀ ló ti ń wọ inú ọ́ìlì búréèkì. DOT 3, irú ọ́ìlì búréèkì kan, bó bá jẹ́ tuntun, kì í hó títí yóò fi gbóná dé 205°C, àmọ́ ó máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, èyí tó bá sì ti pẹ́ nínú ọkọ̀ lè hó ní 140°C. Tó bá ti hó, òyì, bí èéfín tó ń jáde lára omi gbígbóná, ló kù nínú páìpù, òyì sì ṣeé fún pọ̀. Pẹ́dà á wá rì bí ìgbà téèyàn tẹ tìmùtìmù. Dẹ́rẹ́bà á figbe ta pé búréèkì ti já. Kò já o, wọ́n sè é ni.

Ti ẹni tó ń pa ẹ́ńjìnì tún burú jù. Ẹ́ńjìnì ló ń fún booster búréèkì, ohun tó ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ láti tẹ búréèkì, lágbára. Bó bá ti kú, ẹ lè rí ìtẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí pẹ́dà tó le bí òkúta. Sítíárì á wúwo. Bí ọwọ́ bá sì ṣèèṣì yí kọ́kọ́rọ́ kọjá, sítíárì lè tì pa sínú kọ́ọ̀nà.

Àwọn tó ti kàwé fún ìdánwò ọkọ̀ ní Ìlú Ọba á rántí ìlànà 122 nínú ìwé òfin ojú pópó wọn, tó ní fírì àti kílọ́ọ̀ṣì títẹ̀ mọ́lẹ̀ ń dín agbára tí awakọ̀ ní lórí ọkọ̀ kù. Ọ̀tọ̀mátíìkì náà kò yọ sílẹ̀. Fífi í sí N, ìyẹn fírì tirẹ̀, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àṣìṣe kan náà ni.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ kó rọrùn, jíà tí ẹ máa fi gun òkè náà ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́, kí ẹ sì yí i kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ láti ìkẹrin sí ìkẹta, ẹ fi ẹsẹ̀ kan tọ̀rọ́tù díẹ̀ kí ẹ tó gbé kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kí ẹ́ńjìnì lè bá ìyára táyà mu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí àwọn èrò ẹ̀yìn á máa mì bíi ti alángbá.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń wa ọkọ̀. Mo bá wọn jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí a débi tí ọ̀nà ti ń dà, ọwọ́ wọn lọ sórí jíà fúnra rẹ̀, ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, ni wọ́n bá yọ́ wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Mo ń wo ìta. Wọ́n gbé ọwọ́ padà sórí sítíárì.