Áfídéfítì kọ́ ló ń sọ ẹ̀gbọ́n di alágbàtọ́

Ọ̀rọ̀ kan ń jà rànyìn lórí WhatsApp pé bí òbí bá ti kú, kí ẹ̀gbọ́n ṣáà lọ búra áfídéfítì ní kóòtù Èkó, àbúrò ti di tirẹ̀ lábẹ́ òfin nìyẹn. Irọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó búra ló wà nínú áfídéfítì. Òǹtẹ̀ tí wọ́n lù ú kàn ń sọ pé ó búra ni. Adájọ́ kankan ò gbọ́ ẹjọ́ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìyá ló kú, tí bàbá ọmọ yọjú lọ́la tó ní òun ń mú un lọ, ìwé yẹn ò lè dá a dúró.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2007, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, Family Court, ìyẹn kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé àti ẹbí, ló sì ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó fẹ́ di alágbàtọ́ ọmọ. Ẹ kó ìwé ìbí ẹ̀yin méjèèjì dání, ìwé ẹ̀rí ikú òbí, ẹ̀rí owó tó ń wọlé àti ti ilé tí ọmọ yóò máa gbé. Orúkọ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀: ìyá ń jẹ́ Sikirat nínú ìwé kan, Shikirat nínú èkejì. Ibi tí áfídéfítì ti wúlò gan-an nìyẹn, láti búra pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì.

Bàbá tó wà láàyè gbọ́dọ̀ gba ìwé ìpẹ̀jọ́, kódà bí kò bá ra pẹ́ńsù fọ́mọ rí. Adájọ́ sì lè bi ọmọ fúnra rẹ̀ léèrè ohun tó fẹ́. Ọmọ ọdún 15 kì í ṣe ẹrù. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kó lọ sí Office of the Public Defender, ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń bá aláìní rojọ́, ọ̀fẹ́ ni.