Èsì wa sí oníbàárà wa láti Ọ̀fà lórí Farming Simulator 19 àti Linux Mint

Bàbá wa, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú sùúrù. A ti ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ ọjà wa, a sì rí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa. Ẹ ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Tánkè kò jẹ́ kí ẹ ṣe géèmù iṣẹ́ oko tí ẹ fẹ́ràn, Farming Simulator 19. Pé bí ẹ bá ti tẹ Play, yóò di Stop fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò sì padà di Play láìsí fèrèsé kankan tó ṣí. Ẹ tún ní ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà sọ pé ohun tí wọ́n bá ṣe fún Windows kò lè ṣiṣẹ́ lórí Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, láéláé, àti pé jìbìtì ni a lù yín. Nítorí pé àwọn ẹlòmíràn yóò ka ọ̀rọ̀ yín kí wọ́n tó ra ọjà, gbangba náà ni a ó ti dáhùn.

Ní ti Linux Mint, irú Linux kan, tó wà lórí rẹ̀, a kò fi pamọ́ fún yín. Ó wà nínú ìwé ẹ̀rí owó tí ẹ gbà. Ìran kẹfà Intel ni processor, ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì rèé, láti ìran kẹjọ Intel ni àwọn fúnra wọn ti fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fi Windows 11 sórí irú ẹ̀rọ yìí tà fún yín, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀, a sì mọ̀ pé èyí ń lé àwọn oníbàárà kan lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín kì í ṣe irọ́ pátápátá, ó kàn ti pẹ́ ni. Ọdún 1993 ni iṣẹ́ lórí Wine ti bẹ̀rẹ̀, òun ni sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí ohun Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, ọdún 2008 ni wọ́n sì tó gbé ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde, nítorí náà ó pẹ́ tí èèyàn fi ń jìyà kó tó rí géèmù kan ṣí. Nígbà tó di ọdún 2018 ni Valve, àwọn tó ni Steam tí ẹ fi ń ṣí géèmù yín, gbé Proton jáde, èyí tó da Wine pọ̀ mọ́ DXVK, tí DXVK sì ń túmọ̀ Direct3D, àṣẹ tí géèmù Windows fi ń ya àwòrán, sí Vulkan, irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ tí Linux gbọ́. Àwọn Giants Software ní Switzerland kò ṣe ẹ̀dà Linux fún Farming Simulator 19, nítorí náà Proton ni ọ̀nà rẹ̀ nínú Steam. Àwọn géèmù tí kì í ṣí ṣì wà, pàápàá àwọn tí èèyàn púpọ̀ ń ta pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí sọ́fítíwíà tó ń ṣọ́ oníwàyó kò sì gba Linux láyè. Géèmù oko yín kò sí lára wọn.

Àwòrán tí ẹ fi ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn ló jẹ́ kí a mọ ibi tí ọ̀ràn wà. Níbi tí Steam ti ń kọ ojú ibi tí géèmù wà, /media, ibi tí Linux ń fi disk tí a so mọ́ ọn láti ìta sí, ló fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe /home, tó wà lórí disk inú kọ̀ǹpútà. Èyí fi hàn pé orí hard disk tí ẹ ń lò pẹ̀lú kọ̀ǹpútà Windows yín àtijọ́ ni géèmù náà ṣì wà. Ẹ kò fẹ́ tún fi dátà gbà á, a ò sì bá yín wí, owó dátà kì í ṣe owó kékeré. NTFS, ọ̀nà tí Windows ń gbà to fáìlì sórí disk, ni ètò irú hard disk bẹ́ẹ̀. Linux ń kà á, ó sì ń kọ nǹkan sí i, gbogbo fóldà géèmù yóò hàn pérépéré, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi máa ń di ẹ̀bi ru nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n kí Proton tó ṣí géèmù, ó gbọ́dọ̀ dá fóldà kan tó ń jẹ́ compatdata sórí disk kan náà, kó sì fi ìtọ́ka méjì tó ń jẹ́ “c:” àti “z:” sínú rẹ̀. Àmì tóótó méjì tó tẹ̀ lé lẹ́tà wọ̀nyẹn jẹ́ èèwọ̀ nínú orúkọ fáìlì Windows, Linux Mint sì ń pa èèwọ̀ náà mọ́ lórí NTFS. Proton kò rí ìtọ́ka rẹ̀ dá, ó sì jáwọ́ láìfọhùn. Lójú tiwa, ìkìlọ̀ gbólóhùn kan ṣoṣo ì bá ti gba gbogbo wa lọ́wọ́ wàhálà yìí.

Ẹ kò ní láti ra dátà láti tún un ṣe. Nínú Steam, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ orúkọ géèmù náà, ẹ yan Properties, lẹ́yìn náà Installed Files, kí ẹ sì yan Move install folder, kí ẹ gbé e wá sórí disk inú kọ̀ǹpútà gan-an. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí i, Steam lè máa kọ ọ́ pé òun ń ṣètò Vulkan shaders. Ẹ jẹ́ kó parí, kò kú. Oko tí ẹ ti dá lórí Windows kò ní hàn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí géèmù bá ti ṣí lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá fóldà 787860 nínú compatdata tuntun, ẹ wọ inú pfx, drive_c, users, steamuser, Documents, My Games, títí dé FarmingSimulator2019, ibẹ̀ sì ni kí ẹ da savegame1 yín, fóldà tí oko yín wà nínú rẹ̀, sí.

Ẹ̀rọ yín kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún géèmù, nítorí náà ẹ fi àwòrán rẹ̀ sí Low.

Ní ti owó tí ẹ ní kí a dá padà, a kò lè dá a padà nítorí pé Linux ló wà lórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé géèmù náà kúrò lórí NTFS tí kò sì ṣí síbẹ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ àti hard disk náà wá sí Tánkè, a ó ṣe é lójú yín láìgba kọ́bọ̀. Bí àwa náà kò bá rí i ṣe, a ó gba ẹ̀rọ wa, a ó sì dá owó yín padà. Kí ẹ tó gbé ohunkóhun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà savegame1 sí ibòmíràn.