AC/DC ò fi Bon Scott ṣoògùn owó

Ẹ dán an wò kí ẹ gbé orin rọ́ọ̀kì sí i ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Kí orin tó délẹ̀, ẹnì kan á ti ní kí ẹ pa á. Tó bá wá jẹ́ Back in Black ti ẹgbẹ́ AC/DC ni, ìtàn ti wà nílẹ̀: olórin wọn kú, oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn náà àwo tuntun jáde, owó ya wọlé. "Wọ́n ti fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe é ni!" Wọ́n á ní kí ẹ wo ara àwo náà, dúdú kirikiri. Wọ́n á ní agogo àwọn awo ló fi bẹ̀rẹ̀, àti pé orúkọ ẹgbẹ́ gan-an, ti aṣòdì sí Kristi ni.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Ọjọ́ 19 oṣù Kejì, ọdún 1980 ni Bon Scott, olórin wọn náà, kú ní London. Ẹni ọdún 33 ni. Ó ti mutí yó kẹ́ri lóru, ẹni tó wà á délé ò rí i gbé wọlé, ló bá fi í sílẹ̀ sínú mọ́tò kó máa sùn. Kò jí mọ́. Ìwádìí ìjọba lórí ikú náà ní ọtí ló pa á. Ẹni tó ti rí ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń dà sọ́fun lóru àìsùn òkú ò yẹ kó tún máa wá babaláwo kiri nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Owó yẹn ńkọ́? Ọ̀nà rẹ̀ ti là kí ikú tó dé. Àwo tí Bon bá wọn ṣe gbẹ̀yìn, èyí tó jáde ní 1979, ti wọ àárín 20 àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Malcolm àti Angus Young, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó ń ta gìtá, sì ti ń to àwọn orin tuntun jọ. Bon fúnra rẹ̀ bá wọn jókòó nídìí ìlù níbi ìdánrawò, nítorí onílù ni kó tó di akọrin. Nígbà tó kú, wọ́n fẹ́ tú ká. Bàbá Bon ló sọ fún wọn níbi ìsìnkú ní Australia pé kí wọ́n wá ẹlòmíì, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. Bàbá wo ni wọ́n máa fi ọmọ rẹ̀ ṣowó, tí yóò tún máa ṣe kóríyá fún wọn?

Brian Johnson ni wọ́n rí. Iṣẹ́ àtúnṣe òrùlé mọ́tò ló ń fi jẹun lágbègbè Newcastle lásìkò náà, ògo rẹ̀ ti fẹ́ wọ̀. Bon ló ti gbọ́ orin rẹ̀ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, tó sì yìn ín lójú àwọn yòókù.

Agogo yẹn gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Iléeṣẹ́ John Taylor, ní Loughborough ní England, tó ń rọ agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ló rọ ọ́ fún wọn, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Kó tó ṣetán, wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gba ohùn agogo sílẹ̀ nínú ilé gogoro kan níbẹ̀, tí wọ́n kọ́ fún ìrántí àwọn ọmọ ogun tó kú. Àmọ́ bí wọ́n bá ti lu agogo báyìí, àwọn ẹyẹ inú rẹ̀ á fò jáde pìrìpìrì, ìró ìyẹ́ wọn á ba ohùn jẹ́. Ni wọ́n bá kó ẹ̀rọ lọ sí iléeṣẹ́ náà. Ẹni tó bá dàgbà sídìí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà mọ agogo tí wọ́n máa ń lù lẹ́yọ lẹ́yọ bí ọmọ ìjọ bá kú. Ohun tí wọ́n lù fún Bon nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àrá àti òjò tó tẹ̀ lé agogo, tí àwọn kan ń pè ní ọfọ̀, ìjì ló fà á. Nassau, ní Bahamas, ni wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Johnson ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi bẹ̀rẹ̀, àrá ń sán lórí òrùlé sítúdíò, ó kọ ohun tó ń gbọ́.

Dúdú ara àwo, aṣọ ọ̀fọ̀ ni. Iléeṣẹ́ tó ń ta àwo náà ò tiẹ̀ fẹ́ ẹ; ìgbà tí wọ́n fi àwọ̀ eérú yí lẹ́tà orúkọ ẹgbẹ́ ká ni wọ́n tó gbà. Ní Amẹ́ríkà nìkan, ó ti tà ju mílíọ̀nù 25 lọ.

AC/DC ńkọ́? Ara ẹ̀rọ ìránṣọ ni Margaret, ẹ̀gbọ́n Malcolm àti Angus lóbìnrin, ti rí i. Ẹ bi rewáyà èyíkéyìí tó ń so sólà ní Mayfair: ti NẸ́PÀ ni AC, ti bátìrì ni DC.

Ọtí àti ọ̀rọ̀ obìnrin pọ̀ nínú orin wọn, n ò ní purọ́, mi ò sì ní gbé e sí i níwájú màmá mi. Ẹ bá wọn wí lórí ìyẹn. Ti ìpànìyàn ni kí ẹ yé fi kàn wọ́n.