Owó Ọ̀fọ̀ Ni Wọ́n Fi Kó Ilẹ̀

Tí oṣù kẹwàá bá ti ń lọ sópin, tí ọ̀rọ̀ Aberfan bá tún jẹ yọ, àwòrán Ọbabìnrin Elizabeth ni àwọn èèyàn máa ń gbé jáde. Wọ́n á ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn jàǹbá tó pa àwọn ọmọ ilé ìwé níbẹ̀ ló tó débẹ̀, wọ́n á ní àbámọ̀ ló jẹ́ fún un. Ó dáa. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ká èmi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ti ọba. Ọ̀rọ̀ owó ni.

Ẹni tí ò bá gbọ́ ọ rí, abúlé àwọn awakùsà ni Aberfan, ní gúúsù Wales. Èédú ni iṣẹ́ wọn. Kì í ṣe èédú tí a fi ń yan àgbàdo o. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, òkúta dúdú tó ń jóná. Kò sì sí bí wọ́n ṣe máa gbẹ́ ẹ tí òkúta tí kò wúlò àti ẹrọ̀fọ̀ ò ní bá a jáde. Orí òkè tó wà lẹ́yìn abúlé ni wọ́n ń lọ da ìyẹn sí, òkìtì lẹ́yìn òkìtì. Èyí tí wọ́n ń pè ní òkìtì keje, ọdún 1958 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, orí ìsun omi ni wọ́n sì gbé e kà. Ìsun omi náà wà nínú máàpù. Ní 1963, ẹnjiníà ìjọba ìbílẹ̀ kọ lẹ́tà lórí ewu ẹrọ̀fọ̀ èédú tí wọ́n ń dà sẹ́yìn ilé ìwé Pantglas. Àní ó dárúkọ ilé ìwé!

Ọjọ́ Ẹtì ni, 21 oṣù kẹwàá ọdún 1966. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ ì bá gba ìsinmi. Kùrukùru bo ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ti yọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lókè. Wọ́n rí i tí òkìtì náà rì, tó sì gbéra. Wọn ò rí abúlé tó ń lọ bá. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn tíṣà ń pe orúkọ lọ́wọ́ nígbà tó ya wọ ilé ìwé. Èèyàn 144 ló kú. Ọmọdé ni 116 nínú wọn, èyí tó pọ̀ jù ò ju ọmọ ọdún méje sí mẹ́wàá lọ.

Obìnrin kan wà níbẹ̀, Nansi Williams, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bójú tó oúnjẹ ọ̀sán. Owó oúnjẹ ló ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ láàárọ̀ yẹn. Bí ariwo náà ṣe dé, ó da ara rẹ̀ bo àwọn ọmọ márùn-ún. Àwọn márààrún yè é. Òun kú.

Àwọn awakùsà jáde láti inú ilẹ̀ wá. Ẹ fojú inú wò ó: ohun tí àwọn fúnra wọn ti ń gbẹ́ jáde láti ọdún yìí wá ni wọ́n tún ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́, ọmọ wọn ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀. Tí ẹnìkan bá fọn fèrè, gbogbo wọn á dúró gbagidi, kò sẹ́ni tó máa mí, wọ́n á tẹ́tí bóyá ọmọ kan ń ké lábẹ́. Lẹ́yìn aago mọ́kànlá, wọn ò rí alààyè kankan fà yọ mọ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n ṣì fi gbẹ́lẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì Bethania ni wọ́n ń kó àwọn òkú sí. Lọ́dọ̀ tiwa, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ló máa ń bá a sin ín. Níbẹ̀, ńṣe ni wọ́n tò síta, tí wọ́n ń wọlé ṣí kúbúsù wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi kan tiwọn. Nígbà tí wọ́n wá ń ṣe ìwádìí ohun tó pa àwọn ọmọ náà, tí wọ́n ka orúkọ ọmọ kan pé èémí ló há a, bàbá rẹ̀ ní rárá. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé National Coal Board ló sin ọmọ òun láàyè.

National Coal Board ni àjọ ìjọba tó ni gbogbo èédú Bìrìtìkó nígbà náà. Ọjọ́ tí èyí ṣẹlẹ̀, alága wọn, Lord Robens, kò wá. Yunifásítì Surrey ló lọ, wọ́n ń fi í joyè ọ̀gá àgbà níbẹ̀. Nígbà tó yọjú, ó ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé omi wà lábẹ́ òkìtì náà. Omi tó wà nínú máàpù! Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó fún ọjọ́ 76, wọ́n sì sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé ẹ̀bi àjọ náà ni. Kò sẹ́ni tó rí ẹ̀wọ̀n. Kò sẹ́ni tó pàdánù iṣẹ́. Robens ṣì jókòó sórí àga rẹ̀ di 1971.

Ó yá, ọ̀rọ̀ owó wàyí.

Gbogbo ayé ló fi owó ránṣẹ́ sí àwọn ará Aberfan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì pọ́ùn. Àjọ èédú ní tiwọn san 500 pọ́ùn lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀sí mìíràn wá jáde láti ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ àwọn owó àánú: wọ́n dá a lábàá pé kí wọ́n tó fún òbí kankan lówó, kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí bóyá òun àti ọmọ tó kú náà súnmọ́ra. Èwo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Òṣùwọ̀n wo ni wọ́n fẹ́ gbé wá wọn ìfẹ́ abiyamọ?

Àwọn òkìtì tó kù ṣì ń wo abúlé láti òkè. Àwọn tó ti ṣòfò bẹ ìjọba kí wọ́n kó wọn kúrò, ìjọba ní kò séwu mọ́, owó rẹ̀ á sì pọ̀. Inú bí wọn, wọ́n di ẹrọ̀fọ̀ èédú, wọ́n lọ dà á sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Cardiff. (Mo fẹ́ràn wọn fún ìyẹn, kí n má purọ́.) Ìgbà yẹn ni ìjọba gbà láti kó o, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí owó àánú náà dá 150,000 pọ́ùn sí i. Owó tí àwọn èèyàn fi kí wọn kú ọ̀fọ̀ ni wọ́n fi kó ilẹ̀ ẹni tó pa wọ́n lọ́mọ.

Àwọn ọmọ tó yè é ńkọ́? Wọn ò lè ṣeré níta. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín lójú títì, ìyá tó ṣòfò á gbọ́ ọ láti inú ilé, àwọn ọmọ náà sì mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń tijú pé òun wà láàyè. Lẹ́yìn ọdún 33, àwọn dókítà yẹ díẹ̀ wò lára wọn, wọ́n bá a pé nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni ìpayà ọjọ́ yẹn ò tíì tú sílẹ̀.

Mo ń sọ ọ́ fún màmá mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti gba àjọ fún èèyàn ní Ìbàdàn rí, ó lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò sí bí o ṣe máa sọ̀rọ̀ owó tí wọn ò ní dá ẹ lóhùn. Mo ní ìjọba dá 150,000 pọ́ùn náà padà ní 1997.

Wọ́n ní, "Èlé rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní kò sí èlé, mà. Iye tí wọ́n mú gan-an ni wọ́n dá padà.

"Lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ọdún?"

Mo ní ìjọba Wales tún fi mílíọ̀nù méjì pọ́ùn kún un ní 2007.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Ìgbà tó yá, wọ́n ní, "Àwọn ìyá tó ti kú kí ó tó di 2007, ta ló bá wọn gba tiwọn?"