Atenolol kọ́ ló ń la iṣan ẹ̀jẹ̀ o

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri WhatsApp pé gbogbo oògùn BP, títí kan atenolol àti propranolol, iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń là, pé tí BP bá ti wálẹ̀ kéèyàn jù ú sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Oògùn BP míì bíi amlodipine ló ń mú iṣan fẹ̀. Ọkàn gan-an ni atenolol ń bá ṣiṣẹ́: adrenaline, èròjà kan nínú ara, ló máa ń ní kí ọkàn sáré, oògùn yìí á lọ jókòó síbi tí adrenaline fẹ́ jókòó, ọkàn á wá máa rọra lù, kò ní máa ti ẹ̀jẹ̀ jáde tagbáratagbára mọ́. Carvedilol àti labetalol wà lára àwọn tó ń ṣe méjèèjì, bóyá ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dàrú.

Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ màmá tó ń lo atenolol, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan, ẹ máa rí i pé ó sábà máa ń rọra lù. Ẹ tún ka ìwé pélébé inú páálí ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kéèyàn má dá a dúró lójijì, torí àyà lè bẹ̀rẹ̀ sí í dunni gan-an, ó tiẹ̀ lè di hát átààkì. Dókítà ló máa ń bá èèyàn dín in kù díẹ̀díẹ̀.